Bẹ́ ẹ ṣe máa gun òkè White Mountain tí òkè ò fi ní gùn yín padà

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń dùn mí. Tí oṣù kẹsàn-án bá ti ń parí báyìí, táwọn èèyàn ti rí fọ́tò òkè tí ewé ẹ̀ ti pupa fòò lórí fóònù, ìpè á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, ibo nìyẹn, a fẹ́ lọ ní Sátidé." Ibi tí wọ́n ń bèèrè yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà, Franconia Ridge ni. Ẹni tí ò gun nǹkan tó ga ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ẹ̀ lọ láti ọdún èṣí ló fẹ́ lọ gun òkè tó lé ní 5,200 fíìtì lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítorí fọ́tò. Mo ti sọ ọ́ lẹ́nu sú, ìyẹn ni mo fi jókòó kọ ọ́.

White Mountain National Forest yìí, igbó ọba ni, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ni ín, wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1918, ó fẹ̀ tó bíi 800,000 éékà, New Hampshire ni èyí tó pọ̀ jù wà, díẹ̀ bọ́ sí Maine. Àwọn agégẹdú ló ti kọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ibẹ̀ tán, iná ń jó o, òfin ọdún 1911 kan ló jẹ́ kí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ náà padà. Láti Boston, wákàtí méjì àti díẹ̀ lẹ máa lò lórí títì ńlá I-93. Kẹ́ ẹ kàn mọ̀ pé Franconia Notch àti Crawford Notch tó wà láàrin ẹ̀ (Notch ni wọ́n ń pe àlàfo tóóró tó wà láàrin òkè méjì), páàkì ìpínlẹ̀ ni wọ́n, igbó ọba ló yí wọn ká, torí náà owó páàkì ibì kan lè má jẹ́ ti ibòmíì.

Ó dáa, ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀? Artist's Bluff, òkè kékeré kan ní Franconia Notch. Kò gùn rárá, bíi máìlì kan ààbọ̀ lẹ máa fi yípo padà síbi mọ́tò, ẹ sì máa dúró lórí àpáta kan tẹ́ ẹ ti ń wo adágún Echo Lake nísàlẹ̀, Cannon Mountain wà níwájú yín gbàgàdà. Ọmọ ọdún mẹ́fà á gùn ún á tún máa sáré. Wàhálà ibẹ̀ ò ju ibi tẹ́ ẹ máa gbé mọ́tò sí lọ, tó bá jẹ́ ìgbà ewé pupa tẹ́ ẹ wá dé ibẹ̀ láago mẹ́wàá, ẹ máa yí po títí ojú á fi pọ́n yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, Mount Willard. Èmi ò tíì rí òkè tó ń sanwó òógùn bíi tiẹ̀. Àlọ ẹ̀ jẹ́ máìlì 1.6, ibi tẹ́ ẹ máa gòkè dé ò ju bíi 900 fíìtì lọ síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ilé rélùwéè àtijọ́ kan ló ti bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà 302, inú igi lẹ máa wà títí tẹ́ ẹ ò ní rí nǹkan kan, ẹ máa ti fẹ́ máa bínú sí mi, ká tó wí ká tó fọ̀ igi á ṣí, gbogbo àfonífojì Crawford Notch á tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín, títì àti ojú irin á tín-ín-rín bí okùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹ̀yìn rìn lórí àpáta yẹn nítorí fọ́tò, kò sí ìdènà kankan níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti ṣe méjèèjì tí orúnkún ẹ̀ ò sọ̀rọ̀, kó wá lọ Welch-Dickey, òkè méjì tó wà lójú ọ̀nà kan náà. Máìlì 4.4 ni, ẹ máa gòkè tó bíi 1,800 fíìtì, owó páàkì jẹ́ dọ́là 5 lójúmọ́. Àpáta gbalasa ni púpọ̀ nínú ẹ̀, ẹni tó bá ti gun òkè Ìdànrè rí, tó kọjá àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta yẹn tó wá bọ́ sórí àpáta, á mọ irú ẹ̀. Welch ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gùn kẹ́ ẹ wá gba orí Dickey sọ̀, torí àpáta tó dà bí ògiri, ó rọrùn láti gùn ju láti sọ̀ lọ. Tójò bá sì ti rọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, á máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá.

Ìṣirò kan wà táwọn tó ń gun òkè níbí máa ń lò, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an: ìṣẹ́jú 30 fún máìlì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá fi ìṣẹ́jú 30 lé e fún gbogbo 1,000 fíìtì tẹ́ ẹ bá gùn. Franconia tó jẹ́ bíi máìlì mẹ́sàn-án, tẹ́ ẹ máa gòkè tó 3,900 fíìtì, ẹ ṣírò ẹ̀, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ nìyẹn. Ìrìn ẹni tí kì í dúró nìyẹn o. Tiwa, tẹ́ ẹ bá ti fi oúnjẹ sí i, fọ́tò, "ẹ dúró dè mí jàre", ẹ pè é ní mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ aṣọ wá kàn. Ìgbà àkọ́kọ́ témi náà máa lọ Franconia, jíínsì ni mo wọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì òwú, kánfáàsì funfun báláú. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń kó wa lọ wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé òde ìgbéyàwó lò ń lọ ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Oṣù kẹjọ ni, ooru mú nísàlẹ̀ débi pé mo tún fi jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ká tó gùn dé Little Haystack, orí òkè àkọ́kọ́ téèyàn máa ń yọ sí níbẹ̀, òógùn ti jẹ́ kí ṣẹ́ẹ̀tì mi rin gbindin, bá a ṣe yọrí jáde kúrò láàrin igi báyìí ni atẹ́gùn gbá mi mú, eyín mi ń gbá ara wọn, mi ò lè fi ọwọ́ ṣí ìdérí omi mi mọ́. Kùrukùru bolẹ̀, a ò rí ẹni tó wà níwájú wa. Ẹ̀gbọ́n yọ súwẹ́tà kan nínú báàgì wọn fún mi, wọ́n ní ó tán, à ń padà. Mo bínú wálé lọ́jọ́ yẹn, mo lérò pé ojo ni wọ́n ń ṣe. Ìgbà tí mo wá mọ̀ pé òtútù lè pa èèyàn nínú oṣù kẹjọ ni mo lọ gbé àpò iṣu kan fún wọn nílé.

Òwú ni ọ̀tá yín lórí òkè. Tó bá ti tutù kì í gbẹ, á kàn máa fa ooru ara yín jáde ni, jíínsì ló burú jù nínú wọn. Ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń ṣe eré ìdárayá, kẹ́ ẹ di súwẹ́tà tí kì í ṣe òwú, rénkóòtù gidi, fìlà àti ìbọ̀wọ́ sínú báàgì, bóòrùn ń ràn bí ò ràn. Bẹ́ ẹ ṣe ń gùn sí i lòtútù ń pọ̀ sí i, bíi dígírì 3 sí 5 ti Fahrenheit fún gbogbo 1,000 fíìtì. Bàtà tí ìdí ẹ̀ di ilẹ̀ mú, tẹ́ ẹ sì ti fi rìn nílé kó tó di ọjọ́ náà. Omi lítà mẹ́ta fún ẹnì kan. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́ orí, torí tóòṣì fóònù máa jẹ bátìrì tẹ́ ẹ fẹ́ fi pe èèyàn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì pàápàá máa ń lọ níbẹ̀, torí náà ẹ ti gba máàpù sínú fóònù látilé, kẹ́ ẹ tún ní ti bébà. Oúnjẹ? Ẹ̀pà, ṣínṣín, kílíṣí. Kílíṣí ò ní ọ̀gá lórí òkè, kì í bàjẹ́, iyọ̀ wà nínú ẹ̀, ata ẹ̀ á sì jẹ́ kẹ́ ẹ mu omi. Jọ̀lọ́ọ̀fù ẹ fi sínú kúlà nínú mọ́tò de ìgbà tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀.

Ó yá, Franconia fúnra ẹ̀. Kẹ́ ẹ ti máa rìn kó tó di aago méje àárọ̀, torí ibi ìgbọ́kọ̀sí Lafayette Place tètè ń kún, tẹ́ ẹ bá sì gbé mọ́tò sétí I-93 wọ́n lè wọ́ ọ lọ. Falling Waters Trail ni kẹ́ ẹ fi gòkè, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ní kẹ́ ẹ gbà á sọ̀, ọ̀nà náà dúró ṣánṣán, òkúta ẹ̀ tutù, omi ń já lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní ìpele ìpele. Èyí tó ga jù, Cloudland Falls, tó bíi 80 fíìtì, ó rán mi létí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, àfi pé omi tibí tutù bíi yìnyín. Máìlì mẹ́ta àti díẹ̀ lẹ́yìn náà ẹ máa yọ sí Little Haystack.

Níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti dúró, kẹ́ ẹ wojú sánmà. Láti ibẹ̀ títí dé orí Mount Lafayette, máìlì 1.7 gbáko, kò sí igi, kò sí ibi téèyàn lè sá sí, ẹ̀yin àti ojú ọ̀run ni. Ó rẹwà ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ, ẹ̀yìn òkè tín-ín-rín, àfonífojì lọ́tùn-ún, àfonífojì lósì. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ àrá, tàbí kùrukùru ti ń bò, tàbí aago kan ọ̀sán ti kọjá, ẹ yíjú padà. Aago yẹn, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fẹnu kò lé e lórí, torí tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹnì kan nínú yín á ṣáà sọ pé "ó kù díẹ̀". Láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ kẹ́ ẹ ti wo Higher Summits Forecast, èyí tó ń sọ ojú ọjọ́ orí òkè gan-an, kì í ṣe ti ìgboro. Lórí òkè lọ́hùn-ún, ẹ máa tẹ̀ lé ọ̀dà funfun àti òkìtì òkúta, orí òkúta ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀, ewéko kéékèèké ibẹ̀ yẹn kì í tètè hù padà téèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́ pa.

Tẹ́ ẹ bá rò pé mò ń dẹ́rù bà yín, ní Mount Washington tí ò jìnnà síbẹ̀, tó ga tó 6,288 fíìtì, wọ́n wọn atẹ́gùn tó ń sáré máìlì 231 ní wákàtí kan ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1934. (Tí màmá bá wá kí yín láti ilé tí wọ́n fẹ́ rí orí òkè, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ, rélùwéè ń gùn ún láti ọdún 1869, kò sí ẹsẹ̀ rírìn níbẹ̀ rárá.) Ẹ̀yin tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ ra káàdì Hike Safe, dọ́là 25 fún ẹnì kan, 35 fún ìdílé, torí ní New Hampshire, tí wọ́n bá wá gbé yín lórí òkè tí wọ́n sì rí i pé àìbìkítà yín ló fà á, wọ́n lè kọ owó ẹ̀ lé yín lórí, káàdì yẹn ló lè gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣu, kó gbẹ́ ihò ínǹṣì 6 sí 8, kó jìnnà sí omi àti ọ̀nà tó 200 fíìtì. Béárì dúdú wà, ṣùgbọ́n oúnjẹ yín ló fẹ́ kì í ṣe ẹ̀yin. Láti àárín oṣù karùn-ún wọ oṣù kẹfà, kòkòrò dúdú kéékèèké ibẹ̀ á bù yín jẹ, mi ò kì í lọ rárá nígbà yẹn.

Láti Lafayette, ẹ sọ̀ sí Greenleaf Hut, ilé ìsinmi àwọn tó ń gun òkè, níbi tẹ́ ẹ ti lè bu omi sí ike, tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n ṣílé ẹ máa rí ọbẹ̀ gbígbóná rà. Ẹ má jókòó pẹ́ o, orúnkún á gan. Ọ̀nà Old Bridle Path tó kù tẹ́ ẹ máa fi sọ̀, bíi máìlì mẹ́ta, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, torí ẹsẹ̀ ti ń gbọ̀n, ọkàn sì ti wà nídìí kúlà. Ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì máa gba orúnkún yín là. Tẹ́ ẹ bá dé ìdí mọ́tò, kẹ́ ẹ tó ṣí jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nílé tẹ́ ẹ sọ ọ̀nà àti àkókò yín fún, ẹ sọ fún un pé ẹ ti sọ̀ kalẹ̀, kó má lọ pe ọlọ́pàá.