Fóònù inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe fóònù: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú dídán sáìtì wò

Ẹ má fún ojú Chrome pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà títí yóò fi rí bíi fóònù, kí ẹ wá ránṣẹ́ sí oníbàárà pé iṣẹ́ ti parí. Ìwọ̀n ojú fóònù, ìfọwọ́kàn àti orúkọ rẹ̀ ni DevTools, irinṣẹ́ àwọn tó ń kọ sáìtì nínú Chrome, ń sín jẹ. Ẹ́ńjìnnì Chrome àti RAM kọ̀ǹpútà yín ló ṣì ń gbé iṣẹ́ náà. Chrome orí iPhone tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà kì í sì í ṣe ọmọ ìyá Chrome orí Tecno: WebKit, ẹ́ńjìnnì Safari (búráúsà Apple), ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Inú fọ́ọ̀mù ni ìyàtọ̀ yìí ti máa ń kọ́kọ́ hàn. Bí lẹ́tà inú àpótí tí wọ́n ń kọ nǹkan sí bá kéré sí 16px, gbàrà tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án ni iPhone á sún ojú-ìwé náà mọ́ra, tí ẹ̀gbẹ́ kan á sì sá kúrò lójú. Ẹ fi í sí 16px. Àwọn kan ń fi user-scalable=no, àṣẹ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn fẹ ojú-ìwé, dí i; ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, torí kò ní jẹ́ kí àgbàlagbà tó ń lo Android lè fẹ ọ̀rọ̀ kó tó kà á.

RAM ló ń yọ wá lẹ́nu jù. Oníbàárà tó ń lo fóònù 2GB kọ àdírẹ́sì tán, ó bọ́ sínú áàpù báńkì láti ṣe tiránsífà, ó padà dé, fọ́ọ̀mù ti ṣófo. Fóònù ló pa ojú-ìwé náà láti rí ààyè fún áàpù báńkì. Fóònù inú kọ̀ǹpútà kò ní fi èyí hàn yín, ẹ ò báà dín CPU kù ní ìlọ́po mẹ́rin. Bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù ni kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sínú localStorage, ibi ìpamọ́ inú búráúsà.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ sí Banex, ọjà fóònù ní Àbújá, ẹ má ra fóònù olówó ńlá mẹ́ta tó jọra. itel tàbí Tecno 2GB kan, Android olówó àárín kan, àti iPhone tòkunbọ̀ kan ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi okùn USB so fóònù Android mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà ò bá rí i, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn: okùn mìíràn kò ní wáyà dátà, iná nìkan ló ń gbé. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Build number nínú Settings fóònù lẹ́ẹ̀méje, ẹ tan USB debugging, ẹ ṣí chrome://inspect lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì lo Port forwarding, tó ń jẹ́ kí fóònù ṣí localhost, ìyẹn sáìtì tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹni tó bá ń tẹ àdírẹ́sì 192.168 ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú fóònù yóò rí i pé kámẹ́rà àti lokéṣọ̀n kọ̀ láti ṣiṣẹ́, á wá máa tú kóòdù tí kò ṣẹ̀. https tàbí localhost nìkan ni búráúsà ń gbà fún wọn.

(Nínú oòrùn oṣù kẹta àti ìkẹrin, fóònù tó wà lórí ṣájà máa ń gbóná, á sì dín iyára ara rẹ̀ kù. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó wọn iyára sáìtì.)

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni lẹ́tà. Sáìtì tí ará Kaduna àti ará Ìlọrin máa jọ kà nílò ƙ, ɗ, ɓ, ẹ àti ọ. Nínú Google Fonts, ibi tí a ti ń gba fọ́ǹtì (àwòrán lẹ́tà), fáìlì tí wọ́n pè ní Vietnamese ni ẹ àti ọ wà, kì í ṣe èyí tí wọ́n pè ní latin. Bí ẹ bá gbé latin nìkan sórí sáfà yín, fọ́ǹtì mìíràn ni fóònù á fi dí àlàfo, ọ̀rọ̀ á wá nípọn níbí, á tín-ín-rín lọ́hùn-ún. Ẹ kọ Ẹ̀ṣọ́ àti Ƙofa sínú bọ́tìnì kan, kí ẹ wò ó lórí itel yẹn bóyá àmì orí Ẹ̀ kò gé.