Bí Yúríà Yóò Ṣe Wọ Inú Àgbàdo Dípò Kó Bá Afẹ́fẹ́ Lọ

Òórùn kíkan tó máa ń gba imú èèyàn lóko ní bí ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta tí wọ́n ti fọ́n yúríà, ajílẹ̀ funfun oníkóró, sórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ amónía ni. Náítírójìn, oúnjẹ àgbàdo tí ẹ fowó rà nínú àpò, ló ń fò lọ yẹn, àgbàdo kò sì ní rí i jẹ mọ́. Afẹ́fẹ́ mìíràn tí kò rùn rárá náà wà, ìyẹn nitrous oxide. Ó máa ń jáde nígbà tí omi bá rin ilẹ̀ gbingbin, tí náítírójìn inú ilẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí gbòǹgbò lè fà lọ. Kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó kílò 273 kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì láàárín 100 ọdún. Ìṣirò tí IPCC, àjọ àgbáyé tó ń yẹ ìyípadà ojú ọjọ́ wò, fi lélẹ̀ ni pé nínú kílò 100 náítírójìn tó bá wọ oko, nǹkan bíi kílò kan ló ń gba ọ̀nà yìí lọ. Ó jọ ohun kékeré, àmọ́ hẹ́kítà kan tó gba kílò 120 náítírójìn yóò pàdánù kílò 1.2 lọ́nà yìí, tí yóò di nǹkan bíi kílò 1.9 nitrous oxide nígbà tó bá dara pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, ìyẹn sì lé ní kílò 500 tí a bá fi kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì wọ̀n ọ́n. Ajílẹ̀ tí kò dé ibi tó ń lọ ló ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, òun náà ló ń sọ ọmọ àgbàdo di wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Kí ẹ tó ra àpò

Ní ìpínlẹ̀ Kogí, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ oko láti Kàbà dé Mọ́pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ ní iyanrìn lókè, ewé jíjẹrà inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í di ajílẹ̀ mú pẹ́, òjò ńlá kan péré lè gbé e kọjá gbòǹgbò. Ìdí nìyí tí a kì í fi í fún un ní gbogbo oúnjẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ yẹ ilẹ̀ wò kí òjò tó dé. Ẹ rìn kọ́rọkọ̀rọ kọjá lórí oko, kí ẹ bu erùpẹ̀ níbi 15 sí 20, láti òkè dé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 20 nísàlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti sun igbó, ìdí igi, ẹ̀gbẹ́ kòkìtì ikán àti etí oko kò yẹ ní bíbù, nítorí wọn kì í sọ òótọ́ nípa oko yòókù. Bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke ni kí ẹ lò; bọ́kẹ́ẹ̀tì páànù lè da síǹkì sínú erùpẹ̀. Ẹ pò ó pọ̀, ẹ sá a níbòòji, ẹ wá bu ìdajì kílò lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ bèèrè ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Kàbà tàbí lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Bí èsì bá fi hàn pé pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó, kò tó 5.5, ilẹ̀ ti kan, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ẹ bá rà yóò sì há mọ́ inú rẹ̀. Ẹfun ilẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú ajílẹ̀ nírú ibẹ̀.

Bí ayédèrú bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ bu ṣíbí yúríà kan sínú ife omi. Yúríà gidi a máa yọ́ tán pátápátá, omi á mọ́, ife á sì tutù lọ́wọ́ yín bí ẹni pé ó ti wà nínú fíríìjì. Bí iyanrìn bá jókòó sísàlẹ̀, ẹ dá àpò náà padà. Ẹ má fi ọgbọ́n yìí dán NPK, ajílẹ̀ tó pa náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù pọ̀, wò, nítorí èyí tó dára náà máa ń ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

Ìwọ̀n

Ẹ wọn mítà 25 lọ́nà kan, mítà 40 lọ́nà kejì. Ìdámẹ́wàá hẹ́kítà nìyẹn, ó sì rọrùn láti fi ṣírò. Bí ẹ bá gbin àgbàdo ní sẹ̀ǹtímítà 75 láàárín ìlà méjì àti 50 láàárín ihò méjì, tí ẹ fi igi méjì sílẹ̀ nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ihò tí yóò wà níbẹ̀ tó 2,667.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń dá fún àgbàdo ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa ni kílò 120 náítírójìn lórí hẹ́kítà, pẹ̀lú 60 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti 60 pòtásíọ̀mù ní ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára àpò. Fún ìdámẹ́wàá hẹ́kítà, kílò 40 NPK 15-15-15 (èyí tó ní ìdá 15 nínú 100 ti ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta) àti kílò 13 yúríà ni. Ìyẹn jẹ́ gíráàmù 15 NPK fún ihò kan, àti gíráàmù 5 yúríà.

Ta ló fẹ́ gbé òṣùwọ̀n kiri oko? Ẹ wá ìdérí ìgò mínírà kan. Ẹ bu yúríà kún un, ẹ fi ìka gé e dọ́gba pẹ̀lú etí rẹ̀, kí ẹ dà á sínú ọ̀rá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 100, kí ẹ wá gbé ọ̀rá náà sórí òṣùwọ̀n oníṣòwò. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 400, ìdérí kan gba gíráàmù 4 nìyẹn, ẹ ó máa bù ú kó ga díẹ̀. Ẹ tún un ṣe fún NPK, nítorí kóró rẹ̀ àti ti yúríà kò wúwo bákan náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà gan-an nìyí: “ìwọ̀n ọwọ́” ni wọ́n ń lò, ọwọ́ a sì máa tóbi láàárọ̀, a máa kéré lọ́sàn-án nígbà tó bá ti rẹ̀ wọ́n.

Bí ẹ bá ti fọ́n ìgbẹ́ adìyẹ gbígbẹ kílò 200 sí ìdámẹ́wàá hẹ́kítà yẹn kí ẹ tó kọ ebè, náítírójìn inú rẹ̀ á tó kílò 4 sí 6, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni àgbàdo yóò sì rí lò lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ dín yúríà kù sí kílò 8. Èyí tó bá ṣẹ́kù, owó ló jẹ́ fún ilé. Bó bá jẹ́ sóyà tàbí ẹ̀wà ló wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí ẹ sì fi pòròpórò rẹ̀ sílẹ̀ lóko, ẹ tún lè dín in díẹ̀.

Fífi sí ilẹ̀

NPK wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 10 lẹ́yìn gbígbìn. Yúríà dúró di ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkarùn-ún, nígbà tí àgbàdo bá tó orúnkún, nítorí ìgbà yẹn ni ebi náítírójìn ń pa á jù lọ. Ẹ kọ́kọ́ roko, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, koríko ni ẹ ń bọ́.

Ẹ fi ọ̀kọ́ kékeré tàbí igi ṣóńṣó gbẹ́ ihò sẹ̀ǹtímítà 5 nísàlẹ̀, kó jìnnà sí ìdí àgbàdo tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10. Ẹ da ìwọ̀n yín sí i, ẹ fi erùpẹ̀ bò ó, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bó bá sún mọ́ ìdí jù, gbòǹgbò á jó. Bó bá wà lókè láìbò, ìdá kan nínú mẹ́rin náítírójìn rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lè bá afẹ́fẹ́ lọ kí òjò tó tún rọ̀. Erùpẹ̀ tí ẹ fi bò ó ló ń mú amónía náà dúró. Ìyẹn ni gbogbo àṣírí tó wà níbẹ̀.

Ilẹ̀ tó tutù díẹ̀ ló dára, kì í ṣe èyí tó gbẹ táútáú, kì í sì í ṣe èyí tí omi dúró lórí rẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá ṣú dẹ̀dẹ̀ fún òjò alágbára, ẹ dúró di ọ̀la. Níbi kòtò tí omi máa ń dágún sí, ẹ pín yúríà sí ọ̀nà méjì, ọ̀sẹ̀ méjì láàárín wọn.

Ẹ má ṣe po eérú mọ́ yúríà tàbí mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ láéláé. Eérú ló ń tú amónía sílẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín lójú ẹsẹ̀. Eérú wúlò, àmọ́ ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tirẹ̀.

Ohun tí ewé ń sọ

Bí ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n bí àwọ̀ ìyeyè láti ṣóńṣó wọ àárín, bí ẹ̀ka igi tó pín sí méjì, náítírójìn ló kù díẹ̀ káàtó. Kóró irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ a máa kéré, èròjà amúṣuradàgbà inú rẹ̀ náà á sì dín kù. Bí etí ewé ìsàlẹ̀ ni ó ń jó, pòtásíọ̀mù ni. Igi rẹ̀ kò ní lágbára, ìjì á wó o, ọmọ àgbàdo tó bá sì ti kan ilẹ̀ tutù á bu, èébu yẹn sì lè ní májèlé. Àwọ̀ elésè àlùkò lára ewé kékeré jẹ́ ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Bí ewé tuntun bá ní ìlà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan àárín rẹ̀, síǹkì ni ó ń bèèrè, yúríà kò sì lè wò ó sàn.

Pòròpórò, ẹ jọ̀wọ́

Ó ń dunni gan-an láti rí iná tí ń jó oko lẹ́yìn ìkórè. Nígbà tí iná bá kú, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo náítírójìn inú pòròpórò ti lọ. Pòtásíọ̀mù tó ṣẹ́kù sínú eérú sì wà níbẹ̀ fún afẹ́fẹ́ ọyẹ́ àti òjò àkọ́rọ̀ láti gbá lọ. Iná kan náà tún lè wọ oko kajú aládùúgbò. Ẹ ṣá pòròpórò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ebè, kí ẹ fi ilẹ̀ bò ó nígbà tí ẹ bá ń kọ ebè tuntun. Bí pòròpórò tútù bá pọ̀ jù nínú ebè, ó lè gba náítírójìn lọ́wọ́ àgbàdo kékeré fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ ṣe é ní kíákíá lẹ́yìn ìkórè, kó lè jẹrà kí ìgbà gbígbìn tó dé.

Ẹ fi ìlà mẹ́ta sílẹ̀ láàárín oko láìfi yúríà sí i, kí ẹ ta okùn pupa sórí igi méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀. Nígbà ìkórè, ẹ ya ti ibẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ gbo ó, ẹ sá a, kí ẹ wọn kóró rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìlà mẹ́ta tó gbà á, tó gùn bákan náà. Bí ìyàtọ̀ àárín wọn kò bá san owó yúríà náà, ẹ dín in kù lọ́dún tó ń bọ̀.