Àpò ike mẹ́rìnlá tí wọ́n dá padà fún wa

Àpò mẹ́rìnlá tó kún fún ike àlòkù! Gbogbo ẹ̀ ni ọkùnrin tó ń ra ike dá padà fún èmi àtàwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa, ó ní ká kó ẹrù wa kúrò níwájú òun. A ti sanwó mọ́tò láti Arówómọ́lẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lójú ọ̀nà Ìlọrin, a tún wá sanwó mìíràn ká tó kó o padà wálé. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Kíkó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò jọ láti ṣa ike ò le rárá. Mo bá àwọn òbí wọn sọ̀rọ̀, mo ra àpò, a pín ojúlé láàárín ara wa, ó tán. Gọ́tà ẹnu ọ̀nà wa ló mú mi bẹ̀rẹ̀, tójò bá ti rọ̀ báyìí, ike omi àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà á dí i pa, omi á ya wọ ilé ìyá alákàrà. Mo tiẹ̀ náwó tẹ bébà gàgàrà kan tá a kọ ọ̀rọ̀ àtúnlò sí, fótò ni wọ́n ń yà níwájú ẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á.

Ohun tó ká mi lára ni pé mo ti pe oníke yẹn lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbéra. "Àǹtí, ẹ ṣáà máa kó o bọ̀." Kò ní ká yọ ìdérí, kò ní ká bó bébà ara ẹ̀, kò ní òun ò gba èyí tí wọ́n rọ òróró sí. Ìgbà tá a débẹ̀ tán ló wá ki ọwọ́ bọ àpò kan, ó fa ike òróró ẹ̀pà jáde, ó gbé e sókè bí ẹni tó mú olè, lójú àwọn ọmọ tó bá mi wá!

Òru méjì la fi jókòó ti àpò yẹn pẹ̀lú iná fóònù, à ń yọ ìdérí, à ń bó bébà. Ìdérí ò ni wá lára, òrùka tín-ín-rín tó máa ń kù sí ọrùn ike yẹn ni wàhálà, ọ̀bẹ ò fẹ́ ráyè wọ̀ ọ́, ó gé Kúnlé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn, níka. Ló bá ní, "Àǹtí, ṣebí ike náà ni gbogbo ẹ̀?" Mo gé ike kan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo dà á sínú bàsíà omi, mo ju ìdérí ẹ̀ tẹ̀ lé e. Ara ike rì lọ sísàlẹ̀, ìdérí léfòó. Gbogbo wọn ló dìde wá wò ó. Mo ní ẹ dojú ike yín dé, ṣé ẹ rí 1 tó wà nínú igun mẹ́ta yẹn, PET nìyẹn, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe ike omi, ìdérí kì í ṣe PET, iná tó ń yọ́ PET le ju èyí tó ń yọ́ ìdérí lọ dáadáa, tí wọ́n bá dà wọ́n pọ̀ yọ́, ó bàjẹ́ nìyẹn. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ike tí wọn ò yẹ ìdí ẹ̀ wò mọ́, títí kan ike ìpara ìyá wọn. Orí mi wú!

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, mú ike kan ṣoṣo lọ bá ẹni tó máa rà á ná, kó fọwọ́ ara ẹ̀ fi èyí tó ń gbà hàn ẹ́. Kó o sì tètè sọ fáwọn ọmọ pé kílò ni wọ́n fi ń rà á, ike omi kékeré á ju àádọ́ta lọ kí kílò kan tó pé, torí àwọn tèmi ti ń pín owó tí ò tíì wọlé.

A padà lọ, ó rà á. Kúnlé dúró ti òṣùwọ̀n, ó ní kí wọ́n tún àpò kejì gbé, pé òun ò rí ibi tí ọwọ́ ẹ̀ dúró sí, wọ́n sì tún un gbé. Àmọ́ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ṣì wà nínú gọ́tà wa o, mi ò tíì rí ẹni tó máa rà á nítòsí.