Ẹ wo giráàmù ọ̀pá iron gọ́ọ̀fù yín kẹ́ ẹ tó náwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbá gọ́ọ̀fù, tẹ́ ẹ fẹ́ pààrọ̀ ọ̀pá iron (kíláàbù olórí irin), ẹ fi lẹ́tà R (èyí tó rọ̀ díẹ̀) àbí S (èyí tó le) tí wọ́n ń kọ sára ọ̀pá yẹn sílẹ̀ ná, giráàmù, ìyẹn bí ọ̀pá ṣe wúwo tó, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Lẹ́tà yẹn ò ní òdiwọ̀n kan pàtó, S ilé-iṣẹ́ kan lè rọ̀ ju R ti ẹlòmíì lọ, àmọ́ giráàmù ò ṣe é purọ́: ọ̀pá onírin Dynamic Gold S300 ń lọ sí bíi 130, N.S. Pro 950GH tóun náà jẹ́ onírin ò tó 100, graphite (ọ̀pá oníkábọ̀nù) míì wà ní nǹkan bí 60, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn lọ́wọ́ èèyàn. Tó bá wúwo jù, tẹ́ ẹ bá fi dé ihò kẹrìnlá ó ti rẹ̀ yín, bọ́ọ̀lù á wá máa yà sọ́tùn-ún (ọlọ́wọ́ òsì, ẹ yí i padà); tó bá fúyẹ́ jù, ọwọ́ á máa yá sódì, ẹ ò ní mọ ibi tí orí kíláàbù wà mọ́, ẹ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbá orí bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wá 7-iron méjì, orí kan náà, gígùn kan náà, ọ̀pá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ fi máákà whiteboard kan àmì sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ẹ gbá a bíi mẹ́wàá mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wo ibi tí dúdú yẹn ń tẹ̀ sí lójú kíláàbù. Èyí tí àmì ẹ̀ bá kóra jọ lẹ máa mú o, kì í ṣe èyí tó gbá ẹyọ kan ṣoṣo lọ jìnnà, ìyẹn ló máa ń tan èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ tó bá jẹ́ igun lie (bí ọ̀pá ṣe dagun sílẹ̀ tí orí kíláàbù bá wà nílẹ̀) ni ò bá yín mu, ọ̀pá kankan ò lè tún ìyẹn ṣe, ẹni tó ń tún kíláàbù ṣe ló máa bá yín tẹ ọrùn ẹ̀.