Bí òṣìṣẹ́ ìlera ṣe lè rí owó ìrànwọ́ gbà láti kọ́ clinical genomics

Clinical genomics kò ju pé ká ka jíìnì aláìsàn, ká fi mọ ohun tó fa àìsàn rẹ̀, oògùn tó yẹ ẹ́, àti àwọn ẹbí rẹ̀ tó yẹ ká tètè yẹ̀ wò. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló gbówó lórí. Owó ìrànwọ́ wà fún un, àmọ́ máàkì nìkan kọ́ ló ń gbà á. Ẹni tó bá lè fi hàn pé aláìsàn máa jàǹfààní ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ẹ̀kọ́ tí ẹ nílò ṣe pọ̀ tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, másítà jẹ́ kírẹ́díìtì 180, dípúlómà tó wà ní ìpele yẹn jẹ́ 120, sátífíkéètì sì jẹ́ 60. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé èsì àyẹ̀wò jíìnì fún ẹbí kò nílò ọdún kan gbáko. Ẹni tó fẹ́ máa túmọ̀ èsì fúnra rẹ̀ ní lábù ló ń wá másítà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá owó. Ẹ ka irú ẹni tí wọ́n ń fún kí ẹ tó wo iye rẹ̀. Òṣìṣẹ́ NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Genomics Education Programme ń sanwó ẹ̀kọ́ fún. Chevening, ètò owó ìrànwọ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ran ará ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́ láti ṣe másítà ọlọ́dún kan. Wọ́n máa bèèrè ìrírí iṣẹ́ tó tó wákàtí 2,800, ẹ sì gbọ́dọ̀ padà sí orílẹ̀-èdè yín fún ọdún 2, ó kéré tán. Bí ẹ kò bá lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, àjọ Commonwealth Scholarship ní owó ìrànwọ́ fún àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé. Ní ti kóòsì ọlọ́jọ́ díẹ̀, Wellcome Connecting Science, tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ jíìnì ní Hinxton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń ṣèrànwọ́ owó fún àwọn kan lára àwọn tó bá fẹ́ wá.

Ẹ tètè lọ bá ọ̀gá yín. Ìwé ìfọwọ́sí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ń kú sí. Mo ti gbé fọ́ọ̀mù dé ọ́fíìsì rí nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí gbèdéke pé. Ọ̀gá ti rìnrìn àjò.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ nípa ara yín ni iṣẹ́ gan-an. “Láti kékeré ni mo ti nífẹ̀ẹ́ ìmọ̀ jíìnì”: ìgbìmọ̀ ti ka èyí títí ó ti sú wọn. Ẹ mú wọn wọ yàrá tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́:

“Obìnrin kan wá pẹ̀lú kókó lọ́yàn. Mo ya ẹbí rẹ̀ sẹ́yìn káàdì: òbìrìkìtì fún obìnrin, onígun mẹ́rin fún ọkùnrin. Mo kun òbìrìkìtì ìyá rẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúdú, mo sì fa ìlà gba inú méjèèjì kọjá, torí jẹjẹrẹ ọyàn ti pa wọ́n. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó tì í. Mi ò mọ ẹni tí mo lè rán an sí fún àyẹ̀wò BRCA1 àti BRCA2, àwọn jíìnì tí ìyípadà nínú wọn lè fa jẹjẹrẹ ọyàn nínú ẹbí.”

Ìpínrọ̀ tó kàn ni ohun tí ẹ máa ṣe lọ́jọ́ Ajé tí ẹ bá padà sẹ́nu iṣẹ́: ta lẹ máa kọ́, ìwé wo lẹ máa yí padà, aláìsàn wo ló máa kọ́kọ́ kàn. Ẹ má ṣe kọ ohun tí èèyàn lè fi dá aláìsàn mọ̀ o.

Ẹlẹ́rìí yín, ìyẹn ẹni tó máa kọ̀wé jẹ́rìí sí yín, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó lókìkí jù tí kò rí yín níbi iṣẹ́ rí.

Bí wọ́n bá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n lè ní kí ẹ ṣàlàyé èsì kan tó fi ìyípadà hàn nínú jíìnì, àmọ́ tí ìmọ̀ kò tíì lè sọ bóyá ó ń fa àìsàn. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera. Bó bá bi yín pé “ṣé ó ti ní jẹjẹrẹ nìyẹn?”, ẹ tún un ṣàlàyé.