Bí mo ṣe wá bakitéríà tó ń jẹ ìyẹ́ adìẹ láti inú ilẹ̀ ààtàn

Lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn tó ń pa adìẹ ní ọjà kan n'Ìbàdàn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi. Ìyẹ́ tútù ni wọ́n ń dà jọ síbẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìyẹ́ ló sì jẹ́ kẹ́rátíìnì, irú purotéènì tó wà nínú èékánná àti irun wa. Ìdè imí-ọjọ́ ló mú un le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ́ńsáìmù inú ikùn wa kò fi lè tú u, ṣùgbọ́n àwọn bakitéríà kan nínú ilẹ̀ ní ẹ́ńsáìmù kẹ́rátínéèsì tó lè ṣe é.

Mo bẹ ìyá kan níbẹ̀ pé kí wọ́n fi ibi tí ìyẹ́ ti pẹ́ jù hàn mí. “Fi ti òkè yẹn sílẹ̀, ọmọ mi, wa ìsàlẹ̀.” Wọ́n fi igi tú u: ti òkè ṣì funfun, ti ìsàlẹ̀ ti di ọ̀pá lásán, ilẹ̀ tó yí i ká sì dúdú, ó ń yọ̀. Ilẹ̀ dúdú yẹn ni mo bù. Ní tèmi, ìmọ̀ràn wọn bá ti ìwádìí mu, torí inú àgbá tí ìgbẹ́ adìẹ ti ń jẹrà ni Jason Shih àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní North Carolina ti rí Bacillus licheniformis PWD-1, tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní 1990.

Nígbà àkọ́kọ́, gbogbo àwo ágà mi (jẹ́lì tí a fi ń hu bakitéríà) bu, wọ́n hu irun funfun bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, mo kọ́kọ́ gbé omi ilẹ̀ náà sínú ooru ìwọ̀n 80 fún ìṣẹ́jú 10. Èyí tó kù kú, ṣùgbọ́n Bacillus máa ń di hóró oníkarahun líle tí irú ooru bẹ́ẹ̀ kì í pa. Mo wá tẹ́ ẹ sórí ágà tí mo pò mọ́ mílíìkì tí kò lọ́ràá. Ní ọjọ́ kejì, òrùka tó mọ́ gaara bíi gíláàsì yí agbo bakitéríà méje ká, àmì pé wọ́n ti jẹ mílíìkì ibẹ̀.

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ibí yìí ló yẹ kí a ti ṣọ́ra. Purotéènì mílíìkì rọrùn láti jẹ. Bakitéríà tó bá jẹ ẹ́ lè má lè fọwọ́ kan ìyẹ́ rárá. Nítorí náà mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìgò tirẹ̀, níbi tí kò ti sí oúnjẹ kankan yàtọ̀ sí ìyẹ́ àti ìwọ̀nba iyọ̀, ní ooru ìwọ̀n 37, lórí ẹ̀rọ tó ń mi wọ́n. Ìgò kẹjọ kò ní bakitéríà, kí n lè fi àwọn yòókù wé e. Ọṣẹ ni mo fi fọ ìyẹ́ náà kí n tó rẹ ẹ́ sínú ẹ̀tánọ́ọ̀lù. N kò fẹ́ sè é nínú ìkòkò onípá, torí ooru bẹ́ẹ̀ nìkan lè mú un rọ̀, èèyàn á sì máa yin bakitéríà lásán.

Nínú méje, méjì péré ló ṣe é. Ní ìgò kẹta, irun ìyẹ́ ti já kúrò lára ọ̀pá ní ọjọ́ kẹta, omi rẹ̀ sì di pupa rúsúrúsú. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo gbọn ìgò náà, ọ̀pá ìyẹ́ sì dá wẹ́wẹ́. Ó ń rùn bí ìtọ̀ tó ti pẹ́, bébà lítímọ́ọ̀sì pupa tí mo tì bọ̀ ọ́ sì yí padà di búlúù: amóníà ni, àmì pé purotéènì náà ti tú. Ìyẹ́ inú ìgò kẹjọ ṣì léfòó bí mo ṣe fi í síbẹ̀. Mo ti ń tọ́jú bakitéríà ìgò kẹta sínú fíríìjì. Àgbàdo inú ike ni a ó kọ́kọ́ dán omi rẹ̀ wò lára bí ajílẹ̀.