Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ sílíńdà yín kí písítìnì tó dé ọwọ́ yín

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó gbígbẹ́ sílíńdà kan ṣoṣo, ìyẹn mímú kí ihò ẹ́ńjìnì tí písítìnì ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀ fẹ̀ sí i, ₦18,000 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, owó ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ṣì ń dùn mí. Ọ̀kadà onítáyà mẹ́rin tí mo fi ń kó ẹ̀gẹ́ jáde lóko wa ní Akùfọ̀ ló ni ín. Tòkunbọ̀ ni, ó sì ti gbó kí n tó rà á, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, òun nìkan ló ń gba ọ̀nà oko wa kọjá.

Nínú ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín tó dà bí aró. Ọ́ìlì ń dínkù, èmi náà ń bu kún un. Ọjọ́ tó kú, ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn rẹ̀. Mo tẹ sítátà, ẹ́ńjìnì ń yí fìrìfìrì, kò gbiná. Nígbà tí mẹkáníìkì tú u, a rí i pé rọ́bà tó so fílítà afẹ́fẹ́ mọ́ kábúrétọ̀ ti ya. Eruku ń gba ibẹ̀ wọlé, ó sì ti ha ara sílíńdà bí ìgbà tí èèyàn fi yanrìn fọ ìkòkò. Ríńgì ara písítìnì ti jẹ tán.

Mẹkáníìkì ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. A ó gbẹ́ ẹ sí 0.50, ẹ ó ra písítìnì 0.50 ní Géètì.” 0.50 túmọ̀ sí pé yóò fi ìdajì mìlímítà fẹ̀ ju bó ṣe wà nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun lọ. Mo gbà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti gbẹ́ ẹ.

Mo gbé písítìnì àtijọ́ sínú nàìlọ́ọ̀nù, ó di Ararọ̀mí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Géètì, n'Ìbàdàn. Ẹni àkọ́kọ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀kadà lásán, ó ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ihò tí píìnì, irin tó ń di písítìnì mú, ń gbà kéré jù! Ti ṣọ́ọ̀bù kejì, fífẹ̀ rẹ̀ bá a mu, àmọ́ láti ihò píìnì dé orí ga ju tèmi lọ. Tí mo bá gbé e wọlé, fáàfù ni yóò máa gbá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, tí mo bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo ń sanwó fún àwọn tó ń ru ẹ̀gẹ́ lórí. Nígbà tó yá, Alhaji kan bá mi wá ojúlówó láti Èkó. 1.00 nìkan ló rí.

Ni sílíńdà bá tún padà síbi gbígbẹ́. Ẹni tí mo gbé e fún lọ́tẹ̀ yìí fi máíkírómítà wọn písítìnì fúnra rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan sílíńdà, àlàfo tó sì fi sílẹ̀ kò nípọn tó irun orí. Ti àkọ́kọ́ kò rí písítìnì kankan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Èmi ni ǹ bá ti sọ pé kó dúró.

Títò ó padà kò gba ọjọ́ kan. Èmi fúnra mi ni mo fi kẹrosíìnì fọ fílítà, tí mo sì de rọ́bà tuntun náà pinpin. Ìtẹ̀ kan ṣoṣo, ó dáhùn! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó lójú àwọn ọmọ iṣẹ́. N kò di ẹrù lé e fún ọjọ́ mélòó kan, mo sì tètè da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù. Irin kíkúnná ń dán nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n ti gbẹ́ kúrò kò ní padà. Bí 1.00 yìí bá jẹ, sílíìfù tuntun, ìyẹn ògiri irin inú sílíńdà, ló kù. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí n tó gùn ún lọ sóko, mo ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó, mo ń tẹ rọ́bà yẹn yípo.